Ẹtù Yíyan: Bí Yóò Ṣe Dùn Tí Kò Sì Ní Í Fa Àìsàn

Ní agbègbè wa, láti Parakou títí dé Tchaourou, ọ̀pọ̀ ilé ló ń sin ẹtù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Bí àlejò bá dé, tàbí bí ọjọ́ ọdún bá pé, a máa ń pa á. Tí a bá yan án lórí ẹyín iná, tí a da ata àti àlùbọ́sà lé e lórí, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti pe ọmọdé wálé.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ dídùn yìí lè fa àìsàn. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé mi.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní ìparí kíláàsì wa kan ní Tchatchou, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún mi ní ẹtù kan. Mo pa á, mo tu ìyẹ́ rẹ̀, mo sì là á. Ọ̀bẹ tí mo fi là á náà ni mo fi gé àlùbọ́sà, lórí pákó kan náà. N kò fọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹran náà jinná dáadáa. Mo fọ́n àlùbọ́sà tútù sí i lórí. A jẹ, a yó.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tí a jẹ àti bí mo ṣe sè é. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní: "Iná ti pa kòkòrò inú ẹran. Ta ni yóò pa ti ara àlùbọ́sà?" N kò rí ìdáhùn. Ara ọmọ náà yá, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi.

KÍ NI Ó Ń FA ÀÌSÀN NÁÀ?

Nínú ìfun ẹtù àti adìyẹ, àwọn kòkòrò wà tí ojú kò lè rí. Orúkọ méjì nínú wọn ni Salmonella àti Campylobacter. Ara ẹyẹ lè le, kí wọ́n sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fa inú rírun, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn. Bí a bá ń la ẹran, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó. Iná ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà tútù kò kan iná.

IRÚ ẸTÙ WO NI KÍ A PA?

Ẹ pa èyí tí ara rẹ̀ le. Ẹ má ṣe pa aláìsàn, ẹ má sì jẹ èyí tí ó kú fúnra rẹ̀. Àìsàn ẹyẹ tí àwọn Faransé ń pè ní grippe aviaire wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì tún padà wá ní ọdún 2021. Bí ẹyẹ púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má tà wọ́n. Ẹ pe dókítà ẹran.

Bí ẹ bá fún ẹtù ní oògùn, ẹ dúró kí iye ọjọ́ tí dókítà ẹran sọ pé kí a má fi jẹ ẹ́ kọjá.

Ẹtù tí kò tíì dàgbà jù ni ó dára fún yíyan. Ẹ tẹ ṣóńṣó egungun àyà rẹ̀: bí ó bá ń tẹ̀, ọ̀dọ́ ni. Bí ó bá le gbagidi, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó yan án.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ata ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ọwọ́ yín tó kan ẹran. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fi omi mímọ́ fọ tòmátì 3, àlùbọ́sà 2, ata àti atalẹ̀. Ẹ lọ tòmátì, ata, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà kan, kí ẹ dín in nínú òróró ẹ̀pà pẹ̀lú iyọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ gé àlùbọ́sà kejì wẹ́wẹ́. Ẹ bo méjèèjì.

2. Ẹ wá pa ẹtù, ẹ tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹ là á. Ẹ má jẹ́ kí òróòro rẹ̀ bẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó.

3. Ẹ la ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí iná lè dé gbogbo ara rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀, atalẹ̀ àti òróró pa á lára. Ẹran ẹtù kò ní ọ̀rá púpọ̀. Bí kò bá sí òróró, yóò gbẹ.

4. Ẹ dúró kí ọwọ́ iná kú, kí ẹyín iná ní eérú funfun lára. Ẹ yan án díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ẹ máa yí i padà. Bí ibì kan bá jóná dúdú, ẹ gé e dànù.

5. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gún oríkèé itan rẹ̀. Bí omi tí ó jáde bá pọ́n, kò tíì jinná. Bí ó bá mọ́ gaara, ó ti jinná.

6. Ẹ gbé e sínú àwo mímọ́, kì í ṣe àwo tí ó wà nígbà tí ó tútù. Ẹ da ata lé e lórí, ẹ fọ́n àlùbọ́sà sí i. Ẹ lè fi kúlíkúlí lílọ̀ kún un, ṣùgbọ́n ẹ má lo ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí tí ó ti bu. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kì í sì í pa á. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

BÍ ÌGBẸ́ GBUURU BÁ MÚ ỌMỌ

Ẹ fún un ní oògùn olómi tí ilé ìwòsàn ń fúnni. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ lítà 1 omi mímọ́. Kí ṣíbí má kún ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lákòótán, bí ẹ bá ń pín ẹran, ẹ má fún ọmọdé ní ọrùn àti ẹsẹ̀ nìkan. Ẹran ń mú ọmọ dàgbà. Ẹ gé nínú àyà fún wọn pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí a fi kọ́kọ́ ń ṣe ata kí a tó la ẹtù?
2. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ẹtù ti jinná?
3. Ní ilé yín, ọ̀bẹ mélòó ni ẹ fi ń dáná? Kí ni ẹ ó yí padà láti òní lọ?