Àdírẹ́sì Màmá ní Bódìjà

Ìdílé tí ọmọ wọn kan wà ní London, tí òmíràn wà ní Houston, tí ìyá wọn sì ń dá gbé ní Bódìjà tàbí Challenge kò ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn mọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí bá wá ọmọ títí tí kò rí, tàbí tí àbúrò kan bá kú tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, ojú màmá ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń wò. Màmá ló máa gba ọmọ náà sọ́dọ̀ títí físà yóò fi jáde. Òun náà ló máa bá a wọ bàálù, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa ṣe oúnjẹ fún un nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ tuntun bá wà níbi iṣẹ́. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni pé àdírẹ́sì màmá àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ni àwọn ará òkè òkun wá ń fẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ọmọ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Nínú òfin ìjọba àpapọ̀, tọkọtaya tó bá fẹ́ sọ ọmọ di tiwọn, kálukú wọn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25. Ẹni tí kò bá ní ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ ti pé 35, obìnrin kò sì lè gba ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kò lè gba ọmọbìnrin. Obìnrin kan tó dá wà ní Houston, tó fẹ́ gba ọmọkùnrin tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ, ọ̀nà ti dí mọ́ ọn kó tó gbéra. Ẹni tó ń gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 5, ó gbọ́dọ̀ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní oṣù 12 ó kéré tán kí kóòtù tó pàṣẹ, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù 3 gbáko. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ránṣẹ́ pe màmá. Ẹni tó ti ń gbé Manchester láti ọjọ́ yìí kò ní ọdún 5 kankan láti fi hàn, ló bá ní kí wọ́n kọ ilé màmá ní Bódìjà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló rí gbà níbi iṣẹ́ ní Kérésìmesì, ló bá ní kí màmá bá òun ṣe oṣù mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ni òfin ní kí ọmọ wà, kò sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá onítọ̀hún.

Ká tilẹ̀ ní adájọ́ kò fura, ẹ́ḿbásì ń bẹ níwájú. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2021 ni Bìrìtìkó ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ gba ọmọ wọlé, àfi bí ọ̀rọ̀ kan bá yàtọ̀ gan-an. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀, tó wá gba ọmọ nílẹ̀ òkèèrè tó sì mú un wọlé láìgba àṣẹ kí oṣù 12 tó pé, ẹ̀wọ̀n lè dé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà ní tiwọn ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993 lórí gbígba ọmọ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láyé, tí wọ́n kàn fà lé ẹ̀gbọ́n wọn lọ́wọ́, kì í ṣe aláìlóbìí lójú wọn. Denmark ti ilẹ̀kùn tiwọn ní 2014, lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń bímọ tà nílẹ̀ wa. Nítorí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tú ìwé wa wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ìwé tó parọ́ àdírẹ́sì kò sì yàtọ̀ lójú wọn sí èyí tó parọ́ ẹni tó bímọ. Bí wọ́n bá já a, físà kò ní jáde, ọmọ á wà lọ́wọ́ ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ pàtó ẹni tó ni ín.

Àwọn kan á ní ọmọ ẹbí ni, kí ló kan kóòtù? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Kí kóòtù tó dé ni àwọn ìyá àgbà ti ń tọ́mọ ọmọ, tí ọmọ ń yè, tó ń yanjú. Ṣùgbọ́n ojú tó pọ̀ ló ń bá ìyá àgbà ṣọ́ ọmọ nílé: aládùúgbò, ẹbí, olùkọ́, ìyá tó bí ọmọ tó lè yọjú lọ́jọ́ Sunday. Lókè òkun, ojú wọ̀nyẹn kò sí níbẹ̀. Láàárín 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ kàwé ní Bìrìtìkó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n rí nínú ìpolówó inú ìwé ìròyìn, láìsí ìyá àgbà nítòsí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní 1967 tó sì dàgbà ní Tilbury. Ó fi ohun tó fojú rí ṣe fíìmù Farming ní 2018, Genevieve Nnaji ló sì ṣe ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Victoria Climbié tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1998, àwọn òbí rẹ̀ ní Ivory Coast fà á lé àǹtí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ tọkàntọkàn, kó lè lọ kàwé. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ mìíràn tó ń jẹ́ Anna ni àǹtí náà fi mú un lọ. Nígbà tí wọ́n dé London, ìyá àti ọmọ ni ìwé sọ pé wọ́n jẹ́. Oṣù kejì ọdún 2000 ni ìyà pa ọmọ náà, ọmọ ọdún 8. Lónìí, ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Bìrìtìkó, tí kì í ṣe ẹbí tó sún mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Ìyá àgbà wà lára ẹbí tó sún mọ́ni nínú òfin náà. Àǹtí bàbá ẹni kò sí níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní bó bá rí báyìí, a jẹ́ pé ará òkè òkun kò lè gba ọmọ mọ́, tí àwọn ọmọ sì wà nílé ìtọ́jú tí wọn ò rí ẹni mú wọn. Ó ká mi lára, n kò sì ní sọ pé òfin ọdún 5 yẹn bá ayé tí a wà yìí mu. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Agodi lè tún un ṣe, kí wọ́n fi ìyá àgbà sínú rẹ̀ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ tí wẹ́fíà mọ̀, tí yóò máa jábọ̀ fún wọn títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Kó tó dìgbà yẹn, kí ọ̀kan nínú tọkọtaya padà wá gbélé. Amẹ́ríkà gbà kí òbí tó gba ọmọ bá a gbé ọdún méjì, kó sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ fún iye ọdún bẹ́ẹ̀, kó tó ṣe ìwé fún un bí ọmọ rẹ̀, bó bá ti gbà á kó tó pé 16. Bí ìyá ọmọ bá sì wà láyé, tó kàn jẹ́ pé owó ni kò sí, èmi á ní kí ẹ máa fowó ránṣẹ́, kí ọmọ dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ màmá.

Bí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá wá wo ilé, tó ṣí yàrá, tó wo ibi tí ọmọ á máa sùn, tó wá béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí màmá sọ pé Manchester ni ọmọ òun ń gbé. Kó fún un ní orúkọ ìyá tó bí ọmọ náà, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i, àti ìwé ìbí tí àjọ tó ń ka ènìyàn, NPC, fún wọn, pẹ̀lú orúkọ ìyá gan-an lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn sí ibẹ̀, kí ó gbé bíírò sílẹ̀.