Ṣé O Mọ̀? Ìtàn Bíbélì àti Ohun Tí Wọ́n Hú Lábẹ́ Ilẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀tá Ísírẹ́lì wà lára àwọn tó jẹ́rìí sí ìtàn Ísírẹ́lì jù? Ní 1868, wọ́n rí òkúta dúdú kan ní Dhiban, ní Jọ́dáánì òde òní. Mésà ọba Móábù ló kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó ń fọ́nnu pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ilé Ómírì ọba Ísírẹ́lì. Mésà yìí kan náà ló wà nínú Àwọn Ọba Kejì, orí 3. Níbi tí àwọn òyìnbó ti ń du òkúta náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn Bedouin tó ni ilẹ̀ dáná sí i, wọ́n da omi tútù lé e, ó sì fọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti fi bébà tútù tẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣáájú. Louvre ní Paris ló wà báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé ṣáájú 1993, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé bóyá ni Dáfídì ọba gbé ayé rí? Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ní Tel Dan, ní àríwá Ísírẹ́lì, Gila Cook, tó wà lára àwọn tó ń bá awalẹ̀pìtàn Avraham Biran ṣiṣẹ́, rí lẹ́tà lára òkúta kan tí wọ́n ti fi mọ ògiri láyé àtijọ́. Oòrùn tó ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló gbé lẹ́tà náà jáde. Ọba Árámù kan (Hásáélì ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́) ló ń yangàn níbẹ̀ pé òun pa ọba Ísírẹ́lì àti ọba ilé Dáfídì. Àwọn kan jiyàn pé orúkọ ìlú tàbí ti òrìṣà ni “ilé Dáfídì” yẹn. Iyàn yẹn ti rọlẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má sọ ju ohun tí òkúta sọ lọ. Ó jẹ́rìí sí ìdílé ọba tó ń jẹ́ orúkọ Dáfídì. Kò dárúkọ Gòláyátì, kò sì sọ bí ìjọba Dáfídì ti fẹ̀ tó.

Ṣé o mọ̀ pé wọn ò tíì parí iyàn lórí odi Jẹ́ríkò? John Garstang walẹ̀ níbẹ̀ láti 1930 sí 1936, ó ní odi tó wó tí òun bá nílẹ̀, ti ìgbà Jóṣúà ni, ní nǹkan bí 1400 ṣáájú ìbí Kristi. Inú àwọn onígbàgbọ́ dùn. Kathleen Kenyon dé ní 1952, ó la kòtò jíjìn gba inú òkìtì àwókù ìlú náà, ó ń yẹ ìpele ilẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò inú wọn. Ó ní odi Garstang ti wó ní bí 1,000 ọdún ṣáájú ìgbà tó pè é, àti pé nǹkan bí 1550 ni iná run ìlú tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1990, awalẹ̀pìtàn Bryant Wood ní Kenyon ṣi ìkòkò wọ̀nyẹn mọ̀, pé 1400 náà ni iná ọ̀hún. Ó tọ́ka sí àwọn ìkòkò ọkà jíjóná tí wọ́n bá níbẹ̀, tí ọkà kún inú wọn. Bí ogun bá sé ìlú mọ́ pẹ́, àwọn ará ìlú á ti jẹ ọkà wọn tán. Ogun tó bá sì ṣẹ́gun kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Bíbélì ní ọjọ́ 7 péré ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó ìkógun. Àlàyé tó wọni lọ́kàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi káábọ̀nù wo ọjọ́ orí irú ọkà bẹ́ẹ̀, èsì tó jáde ní 1995 bọ́ sí ọ̀rúndún 16 ṣáájú ìbí Kristi, ó gbe Kenyon. Bó ti wù mí tó, mi ò lè fi tipátipá mú ọkà yẹn sọ nǹkan mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé Sẹnakéríbù ọba Ásíríà kọ ìtàn ogun 701 ṣáájú ìbí Kristi sílẹ̀? Ó ka ìlú Júdà 46 tí òun gbà, ó ní òun sé Hesekáyà ọba Júdà mọ́ Jerúsálẹ́mù. Bó ti fẹ́ràn ìfọ́nnu tó, kò sọ níbì kankan pé òun gba Jerúsálẹ́mù. Bíbélì náà ní kò gbà á. Àkọsílẹ̀ méjèèjì tún bára mu pé tálẹ́ńtì wúrà 30 ni Hesekáyà san. Ti fàdákà ni wọ́n ti yàtọ̀, 300 nínú Bíbélì, 800 lẹ́nu Sẹnakéríbù. Àwòrán bó ṣe gba ìlú Lákíṣì, tó ní kí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ààfin rẹ̀, wà ní British Museum. Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ Pọ́ntíù Pílátù wà lára òkúta tí wọ́n rí ní Kesaríà ní 1961?

Ṣé o mọ̀ pé ìbùkún inú Númérì orí 6, tí àwọn pásítọ̀ fi ń tú ìsìn ká, wà lára fàdákà tó ti tó nǹkan bí 2,600 ọdún? Inú ibojì kan ní Jerúsálẹ́mù ni àwọn tó ń bá awalẹ̀pìtàn Gabriel Barkay ṣiṣẹ́ ti rí i ní 1979: fàdákà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ká. Èyí tó kéré jù kò gùn tó ìka ọwọ́ nígbà tí wọ́n tú u.

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ìsàlẹ̀ Òkun Pupa ni wọ́n ti rí i, kò sí nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kankan? Ron Wyatt, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé ìròyìn náà káàkiri. Òun náà ló ní òun rí ọkọ̀ Nóà àti àpótí ẹ̀rí. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó jẹ́ onígbàgbọ́ pàápàá ò gbà á. Ó máa ń dùn mí wọra bí wọ́n bá ń fi í han àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ òkúta Mésà fún wọn rí.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bíbélì tó wà ní Washington kéde ní 2020 pé ayédèrú ni gbogbo àjákù 16 tó rà gẹ́gẹ́ bí Ìwé Kíká Òkun Òkú? Fúnra wọn ni wọ́n pe àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kí wọn fún un.

Ṣé o mọ̀ pé Ìjẹ̀bú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn kan gbà pé Bílíkísù Súngbọ́, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ wo Sólómọ́nì, pé òun ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Yemen àti Ethiopia náà ń pe ọbabìnrin ọ̀hún ní tiwọn. Ìgbà Sólómọ́nì ti tó 3,000 ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tó ga jù tí àwọn onímọ̀ fún Erédò kò tó 1,500. Mi ò rí ìdí tí a fi ní láti yá Ṣébà kí Erédò tó níyì. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, síbẹ̀ oko àti ọ̀nà ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.