Iye Tí Ó Tọ́ fún Inṣọ́ránsì Ilé

Àwọn àgbà ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Òótọ́ ni. Gbogbo ìlú ló ń bá ọba tún ilé rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé tiyín bá jó ńkọ́? Ta ni yóò bá yín kọ́ ọ?

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe inṣọ́ránsì ilé. Ó fi díẹ̀ jọ èésú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún fún ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tí iná bá jó ilé rẹ̀ ni wọn yóò fún lówó láti tún un kọ́. Ẹni tí nǹkan kò ṣe kì í gba owó padà. Kí ó máa dúpẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n iye tí a kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká ní bàbá kan kọ́ ilé ní ọdún 2015 ní mílíọ̀nù 10 náírà. Iye yẹn ni ó kọ sínú ìwé, kò sì yí i padà mọ́. Sìmẹ́ńtì wọ́n, páànù wọ́n. Ilé kan náà wá di mílíọ̀nù 40 láti kọ́. Iná jó yàrá mẹ́ta. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8. Bàbá rò pé òun yóò gba mílíọ̀nù 8 náà pé. Rárá o! Ìdá kan nínú mẹ́rin iye ilé náà ni ó kọ sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin àdánù náà ni wọn yóò san: mílíọ̀nù 2 péré. Báyìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn inṣọ́ránsì ilé.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ pe bíríkìlà àti kápẹ́ńtà, kí wọ́n ṣírò iye tí a ó fi kọ́ ilé náà lónìí. Ẹ má ka owó ilẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ kì í jóná.

2. Ẹ máa tún iye náà wò lọ́dọọdún, àti nígbà tí ẹ bá fi yàrá kún ilé.

3. Ẹrù inú ilé yàtọ̀ sí ilé. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà sí ibòmíràn.

4. Ẹ béèrè bóyá omíyalé wà nínú àdéhùn. Ẹ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọdún 1980.

5. Ẹ san owó lásìkò, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ má tẹ̀ka mọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Ẹ fi ojú ara yín wá iye náà nínú ìwé, kí iná tó dé.