Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́ àti ní Òǹdó, kí ẹ tó mú pàṣán na ọmọ tí ẹ ń pè ní olórí kunkun, a bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí etí rẹ̀ bá ń gbọ́.

Inú ọpọlọ ni ẹ̀kọ́ àti ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn iṣan tín-ín-tìn-tín ti nà dé etí, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn ni ońṣẹ́ tí ń gbé ìròyìn lọ, tí wọ́n sì ń gbé àṣẹ bọ̀. Bí ọ̀nà etí bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì yóò dé inú.

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń bà á jẹ́ ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lè gbá a mọ́ lọ, oró pupa rúsúrúsú a wọ ọpọlọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 kò lè fara da káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ má ṣe fi oòrùn òwúrọ̀ wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tí wọ́n ń tàn sí i lára a máa sọ oró náà di ohun tí ara lè tú jáde.

Ọmọ tí etí rẹ̀ ti di ńkọ́? Ilé-ìwé àwọn adití wà ní Àkúrẹ́. Ọpọlọ a máa gba èdè láti ojú pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe ẹgba.