Ohun Tó Ń Jẹ Búùtù Láti Inú Wá

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. A ò tíì gun ìdajì rẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń dún pa-pa, pa-pa lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan. Ìgbà tí mo wo ẹsẹ̀ ara mi ni mo rí i pé rọ́bà ìsàlẹ̀ búùtù ọ̀tún ti ṣí láti gìgísẹ̀, ó ń lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Kò pẹ́ tí tòsì náà fi ṣí. Okùn ni mo fi so méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé búùtù náà ò gbó. Tòkunbọ̀ ni, ọdún kẹta rèé tí mo ti rà á, n kò sì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Awọ rẹ̀ le koko, gbogbo eyín rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé. Inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Ìtọ́jú yẹn gan-an ló pa á. Kí ó tó yé mi, ó di dandan kí n wá ìdí bí rọ́bà ṣe dé abẹ́ búùtù òkè.

Ilẹ̀ Ítálì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí rọ́bà tó dé, awọ ni ìsàlẹ̀ búùtù tí àwọn agun-òkè Yúróòpù ń wọ̀, ìṣó irin olórí ńlá ni wọ́n sì máa ń kàn mọ́ ọn kó lè di ilẹ̀ mú. Ìṣó dára lórí koríko àti yìnyín, àmọ́ ó wúwo, ó ń fa òtútù wọnú ẹsẹ̀, ó sì ń yọ̀ lórí àpáta. Tí wọ́n bá wá dé ibi tí àpáta ti dúró ṣánṣán, wọ́n á bọ́ búùtù, wọ́n á wọ bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1935, Vitale Bramani, ọmọ ìlú Milan, wà lára àwọn tó lọ gun Punta Rasica, ní ààlà Ítálì àti Switzerland. Ìjì àti yìnyín ká wọn mọ́ òkè. Bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, kò sì ṣe é fi rìn lórí àpáta tí yìnyín ti bò. Ẹni mẹ́fà ló kú. Bramani délé láàyè, ọ̀rọ̀ bàtà ni kò sì jẹ́ kó sùn mọ́. Ó ń wá bàtà kan ṣoṣo tí èèyàn máa wọ̀ láti ẹsẹ̀ òkè dé ṣóńṣó rẹ̀.

Rọ́bà ló gbójú lé. Láti 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ti rí i pé tí wọ́n bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́ tí wọ́n sì fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nínú ooru, kò sì ní máa gan nínú òtútù mọ́. Iléeṣẹ́ Pirelli tó ń ṣe táyà ní Milan ran Bramani lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di 1937, rọ́bà eléyín náà ti délẹ̀. Carrarmato ló pè é, orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń pe ọkọ̀ ogun onírin. Fún iléeṣẹ́ rẹ̀, ó gé orúkọ ara rẹ̀ méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀, ó di Vibram. Rọ́bà náà ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Achille Compagnoni àti Lino Lacedelli ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1954, nígbà tí wọ́n di ẹni àkọ́kọ́ tó dé orí K2, òkè kejì tó ga jù láyé.

Ọdún 1937 yẹn kan náà ni Otto Bayer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣe àwárí irú ike kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn oníbàtà tó fi ṣe fóòmù, tí wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín awọ àti rọ́bà. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán ń já fóòmù náà díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú iṣẹ́ rẹ̀ yá. Búùtù tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí lè bàjẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Kí tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọdún wọ̀nyẹn ti lè lọ tán, ooru tiwa á wá ṣe èyí tó kù.

Bàbá ṣúmékà tí mo gbé tèmi lọ bá fi èékánná ha fóòmù náà, ó sì bú sí i lọ́wọ́ bí gààrí. Ó ní gọ́ọ̀mù kì í mú ìyẹ̀fun. Ó wá kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe nílé.

Mo fa rọ́bà náà ya pátápátá, mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo fóòmù kúrò títí mo fi kan ibi tó le. Mo fi sáńdípépà ha rọ́bà àti ìsàlẹ̀ awọ, mo sì nù wọ́n mọ́. Mo gé fóòmù tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, torí ọ̀rinrin kì í jẹ ẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Mo jẹ́ kí apá gìgísẹ̀ nípọn ju apá ọmọ ìka lọ.

Ibi gọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fi í sí ojú kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní tútù, ó máa ṣí kí oṣù tó parí. Ojú méjèèjì ló yẹ kó gbà á, ní fẹ́lẹ́, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Èèyàn á wá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ mi lára, mo tún dúró. Nígbà tó kàn mí láìlẹ̀ mọ́ mi ni mo tó mú méjèèjì para pọ̀, láti ọmọ ìka lọ sí gìgísẹ̀, torí tó bá ti mú, kò ṣe é sún mọ́. Mo fi hámà gbá a yí ká, mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e pinpin, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni mo fi òòlu lu ihò sí imú rẹ̀, mo sì fi okùn ọ̀rá rán an.

Mo da omi sórí àpáta kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, mo sì gùn ún. Kò yọ̀. Tọ̀tún fi díẹ̀ ga ju tòsì lọ, torí òun ni mo kọ́kọ́ gé fóòmù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni búùtù náà ń gbé báyìí, òun ni mo sì ń wọ̀ lọ sọ́jà.