Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ibi tí àlejò lè sùn, jẹun, kó sì gbafẹ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ló máa ń sáré gba Lẹ́kí lọ. Bẹ́ẹ̀, ilé ìtura wà ní Àjàó Estate àti Máfólúkù tí kò jìnnà sí pápákọ̀ náà rárá. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù ní kùtùkùtù yóò bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland tó bá sùn níbẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní òwúrọ̀, ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége. Ní ọ̀sán, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ní bùkà. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹja yíyan, sùyà àti ìsí ewú ń dúró de èèyàn l'Ájàó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ná ọjà Aswani n'Ísọlọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ṣa aṣọ òkìríkà tó dáa tètè jí.

Ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, tí wọ́n ṣí ní 2019, ló ń gbé èrò káàkiri Èkó àti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Láti oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line náà ń dúró l'Óṣòdì, ó ń lọ Ọ̀yìngbò. Ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ òkun lè wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, kó wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line gba orí omi dé Marina, kó wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay.

Kí àlejò di fóònù mú dáadáa lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì, kó sì ra káàdì Cowry: òun ni wọ́n fi ń sanwó bọ́ọ̀sì BRT àti ọkọ̀ ojú irin méjèèjì.