Bí A Ṣe Ń Gba Extract Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Extract, tí àwọn mìíràn ń pè ní políìsì ripọ́ọ̀tù, ni ẹ̀dà ohun tí ọlọ́pàá kọ sínú ìwé àgọ́ wọn nígbà tí aráàlú wá fi nǹkan tó wọn létí. Orí kántà ni ìwé ńlá náà máa ń wà. Wọ́n á kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà, orúkọ ẹni tó wá àti ohun tó sọ sínú rẹ̀. Ohun tí wọn kò bá kọ síbẹ̀ kò lè jáde nínú extract. Nítorí náà, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ gbígbà á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí bánkì bá ní kí èèyàn lọ mú un wá.

Ká wo ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin láàárọ̀, níbi tí aláta, alápatà àti aláàárù ti ń fi èjìká gbún ara wọn. Ìyá kan ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Kó tó fọwọ́ kan àpò ìdí rẹ̀, fóònù àti káàdì ATM ti bá olè lọ. Bánkì ni kó kọ́kọ́ kàn sí kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, torí olè kò ní dúró de extract. Lẹ́yìn náà ni kó gba àgọ́ ọlọ́pàá tó ń mójú tó agbègbè Ìpàtà lọ, ìbáà jẹ́ Gàá Àkánbí ló ń gbé.

Ní kántà, ọ̀rọ̀ méjì wà tí kò yẹ kó wọnú ara wọn: “ó sọnù” àti “wọ́n jí i”. Ọ̀pọ̀ a máa sọ pé nǹkan sọnù kí wọ́n lè tètè padà sídìí ọjà. Ìyẹn lè tó fún ẹni tó kàn fẹ́ gba káàdì tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ọlọ́pàá wá olè gbọ́dọ̀ pe olè ní olè. Nọ́ńbà IMEI fóònù, tó sábà máa ń wà lára páálí tí wọ́n fi tà á, yẹ kó wọ ìwé náà pẹ̀lú.

Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ní Ìlọrin, ẹnì kan náà lè jẹ́ Halimat lórí NIN, kó jẹ́ Alimotu ní bánkì, kí gbogbo ọjà sì máa pè é ní Ìyá Aláta. Èyí tó wà lára ìwé tó fẹ́ gbà padà ni kó pè fún ọlọ́pàá, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì sábà fi ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún òun kó tó buwọ́ lù ú tàbí tẹ̀ka. Kó má sì kúrò níbẹ̀ láìgba nọ́ńbà àkọsílẹ̀ náà. Bó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó kọ ọ́ lọ síbòmíràn, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi wá a rí.

Bí páásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ bá sọnù, extract nìkan kò tó. Wọ́n á tún béèrè ìwé ìbúra kóòtù, tí wọ́n ń pè ní afidéfítì. Ohun tó wà nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara mu. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, POSSAP, tí èèyàn ti lè béèrè extract.

Fáìlì ẹjọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ extract. Lọ́yà ló sábà máa ń kọ lẹ́tà béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Abala 104 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìjọba kan lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀ bó bá san owó tí òfin là sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó fún un yóò kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀dà òótọ́ ni, yóò sì fi ọjọ́, orúkọ àti ipò rẹ̀ sí i.

Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí àwọn lọ́yà ń pè ní FOI, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún 2011, tún ṣí ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ìjọba ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Ẹni tó béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Èyí tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà gbọ́ ni pé èèyàn lè fi ẹnu béèrè: òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Ọlọ́pàá lè kọ̀ bí ìwé náà bá lè ba ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́ jẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 ni olùbéèrè ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, kóòtù sì lè bu owó ìtanràn 500,000 náírà lé ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìnídìí.